Bí a ṣe ń fi ajùbọ́ọ̀lù ọdún 2020 wé àwọn àgbà ìṣáájú

Lọ́dún 2020, ìdíje 60 ni wọ́n ṣètò fún ẹgbẹ́ béísíbọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní líìgì gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà dípò 162. Kí ẹ tó jiyàn lórí ajùbọ́ọ̀lù tó dára jù, ẹ ṣírò ERA fúnra yín, ìyẹn ìpíndọ́gba ráànù (àmì ayò) tó jẹ́ ẹ̀bi ajùbọ́ọ̀lù ní ínnìngì (ìpele eré) 9; bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó: ẹ mú iye ráànù tó jẹ́ ẹ̀bi ajùbọ́ọ̀lù, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 9, kí ẹ wá fi iye ínnìngì pín in. Ẹ ṣọ́ra o: .1 inú iye ínnìngì bíi 77.1 kì í ṣe ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni (.2 sì jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta), torí ẹni mẹ́ta ni ajùbọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ lé jáde kí ínnìngì rẹ̀ tó pé.

Shane Bieber, ajùbọ́ọ̀lù ọdún 2020, ráànù 14 ní ínnìngì 77.1: ERA rẹ̀ jẹ́ 1.63. Bob Gibson, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìṣáájú, lọ́dún 1968, ráànù 38 ní 304.2: 1.12. Ẹ wá fi ọjọ́ burúkú kan kún ti àwọn méjèèjì, ráànù 6 ní ínnìngì 3. Ti Bieber fò sókè di 2.24, ti Gibson kò kọjá 1.29. Ohun tí sáà kúkúrú ń bò mọ́lẹ̀ nìyẹn.

Àmọ́ ẹ má tíì dé Gibson ládé. Òkìtì tí àwọn ajùbọ́ọ̀lù ń dúró lé nígbà náà ga tó íńṣì 15, èyí tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọdún 1969 ni wọ́n gé e sí 10. Pedro Martínez, ajùbọ́ọ̀lù mìíràn, ní ERA 1.74 lọ́dún 2000, nígbà tí ìpíndọ́gba ERA líìgì rẹ̀ súnmọ́ 5. Lójú tèmi, tirẹ̀ ló le jù.