Bí ọrùn àti èjìká bá le, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ tagbára-tagbára
Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa tẹ́ ẹ ń jókòó tajà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́, tí ọrùn àti èjìká bá le, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ló ń tú u. Ẹ rẹ táwẹ̀lì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fún un, ẹ fi lé èjìká fún bí ìṣẹ́jú 10. Kí ẹlòmíì wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tó le gan-an, kó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kó má sì gbé ọwọ́ kúrò fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹ̀yin máa mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Iṣan tó ń dunni máa ń ṣọ́ra: bí a bá fagbára tẹ̀ ẹ́ lójijì, ṣe ló tún máa ń súnkì, bí ọwọ́ bá dúró jẹ́ẹ́, á dẹ̀. Ẹ má fọwọ́ tẹ iwájú ọrùn o, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń lù. Ṣùgbọ́n tí ọwọ́ bá ń kú, tàbí tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí ọ̀kadà gbé yín ṣubú ni ìrora náà bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ ra á rárá. Ọ̀dọ̀ dókítà ní ọsibítù ìjọba ni kẹ́ ẹ gbà lọ.