Bí ẹ ó ṣe mọ iye ènìyàn tí fúláàtì ìjọba yín lè gbà

Kí ẹ tó gba ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọmọ ará ilé sínú fúláàtì ìjọba tí ẹ háyà ní Èkìtì, ìwé àdéhùn ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ mú jáde. Ẹ wo bóyá ó sọ iye ènìyàn tí ó gbọ́dọ̀ máa gbé níbẹ̀, àti ohun tí ó sọ nípa àlejò tí yóò pẹ́, nítorí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé náà ni a óò bi léèrè.

Bí kò bá dárúkọ iye kankan, ẹ fi téèpù wọn yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ìbú sọ òòró di púpọ̀. Àjọ UN-Habitat, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, gbà pé èrò ti pọ̀ jù bí àwọn tó ń pín yàrá kan bá ti ju mẹ́ta lọ. Òfin ilé gbígbé ti ọdún 1985 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò de ará Èkìtì, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ wúlò: ènìyàn méjì ni ó fún yàrá tí àbájáde ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 110, kò sì ka èyí tí kò tó 50 sí rárá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò sí nínú iye náà. Ẹni tí ó ti pé ọdún kan ṣùgbọ́n tí kò tíì pé mẹ́wàá jẹ́ ìdajì ènìyàn. Nítorí náà, yàrá tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10, tí òòró rẹ̀ sì jẹ́ 12, èyí tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, yóò gba tọkọtaya àti ìkókó wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tó ń pín irú rẹ̀ ní Ìwòròkò lè pe èyí ní àwàdà.

Òfin yẹn ka pálọ̀ mọ́ yàrá, ṣùgbọ́n èmi kò ní í kà á, torí ẹní tí a tẹ́ síbẹ̀ ni yóò dí ẹnu ọ̀nà bí iná bá ṣẹ́yọ lóru. Bí ògiri bá ń làágùn láàárọ̀, tí ṣọkawéè sì ń tètè kún, èrò ti ń pọ̀ jù nìyẹn. Inú irú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè bẹ́ẹ̀ ni ikọ́ ife ti ń rọrùn láti ràn.

Bí ẹbí bá ti ju àyè lọ, ẹ má ṣe fi páálí pín pálọ̀ láìgbàṣẹ. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tí ń bójú tó ilé náà, ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ orí àti bí àlejò náà yóò ṣe pẹ́ tó, kí ẹ sì béèrè fún fúláàtì tí ó tóbi jù ú lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín, kí ẹ fi í pamọ́ pẹ̀lú rìsíìtì owó ilé.