Owó Tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Mi Níwájú Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gba Ìdíje Ijó Lọ́wọ́ Mi

Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pe ìforúkọsílẹ̀ ìdíje náà. Ọ̀fẹ́ o! Kí n tó jó ẹsẹ̀ kan níwájú àwọn adájọ́, owó ọkọ̀, owó agbẹjọ́rò, owó kóòtù àti owó òtẹ́ẹ̀lì ti tó owó maṣíìnì tuntun. Aránṣọ ni mí n'Íbàdàn, mo mọ iye tí maṣíìnì ń lọ.

Gbogbo Nàìjíríà ni ìdíje náà wà fún. Kì í ṣe bíi Maltina Dance All tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2007, tó jẹ́ pé tẹbí-tará ni wọ́n jọ ń jó o. Eléyìí, ìwọ nìkan lo máa dá jó, àwọn tí kò fi ijó jẹun nìkan ni wọ́n sì ń gbà. Fọ́ọ̀mù wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á gba nọ́ńbà NIN rẹ, wàá fi fídíò ìṣẹ́jú kan ránṣẹ́ tí kò sí gígé tàbí àsopọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ WhatsApp lò, ìyẹn ò lè dà á láàmú. Ẹ jẹ́ n kọjá níbẹ̀.

Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an. Wọ́n pè mí pé àwọn rí fídíò mi kan lórí Facebook tí àwọn èèyàn ti ń lẹ owó mọ́ mi níwájú. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá ti gba owó lórí ijó rí kò lè díje. Ẹ gbà mí o! Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni! Onígángan ń fi ìlù ki bàbá wa, ẹ ní kí n jókòó?

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé wọ́n san owó fún yín ni àbí wọn ò san?" Ọmọdébìnrin tó ń bá mi sọ̀rọ̀ kò pariwo rárá. Èmi ni inú mi ń hó.

"Wọn ò san án, wọ́n ná an ni."

"Kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀, mà?"

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Owó iṣẹ́, àdéhùn ló ń ṣáájú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ná fúnni lójú agbo, ìdùnnú ni. Ẹni tí wọ́n ná an fún pàápàá kì í sábà mú un délé. Onígángan gba ìdajì tèmi, ìyókù sì rèé, ọmọ tó ń ṣa á nílẹ̀ nìkan ló mọ ibi tó gbé e gbà. Pàbó ni gbogbo àlàyé já sí. Wọ́n ní kí n lọ búra ní kóòtù.

Akọ̀wé kóòtù ka ohun tí mo ní kó tẹ̀, ó yọ jígí ojú rẹ̀. "Màdáámú, ṣé ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín fi ara yín sùn ni?" Abala 21 nínú Òfin Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa tọdún 2007 ló ń sọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn máa fọ́n náírà lóde àríyá tàbí kó máa jó lórí rẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ó ní ṣé mi ò gbọ́ ti Bobrisky ni, tí wọ́n rán lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní oṣù Kẹrin 2024, láìfún un láǹfààní láti san ìtanràn dípò ẹ̀wọ̀n. Bí mo bá ní owó iṣẹ́ ni, ìdíje ti bọ́. Bí mo bá ní wọ́n ná an fún mi ni, mo ti tú ẹ̀gbọ́n mi fó. Ẹsẹ̀ tèmi náà ò sì mọ́, torí owó wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ nínú fídíò yẹn, èmi kì í sì í wolẹ̀ tí mo bá ń jó.

Agbẹjọ́rò ló yọ mí. Ó kọ ọ́ pé iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, pé kò sẹ́ni tó gbéṣẹ́ ijó fún mi rí, pé mi ò sí nínú ẹgbẹ́ oníjó kankan. Kò dárúkọ owó. Alága ẹgbẹ́ aránṣọ àdúgbò wa kọ lẹ́tà tì í, wọ́n sì gbà á. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọn ì bá ti fi gbólóhùn mẹ́ta yìí sínú fọ́ọ̀mù wọn, kí kálukú fọwọ́ sí i, kó parí síbẹ̀.

L'Ékòó, wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ wa láyà, adájọ́ mẹ́ta jókòó. Orin tó o bá mú wá lo máa kọ́kọ́ jó, wọ́n á wá fi tiwọn sí i lójijì, o ò sì gbọdọ̀ dúró. Àwọn tí mo lè bí lọ́mọ ló kún ibẹ̀, tí wọ́n ń ta ẹsẹ̀ zanku. Mo gbé bàtá tèmi kalẹ̀, èjìká ń dá ìyá ìlù lóhùn, ẹsẹ̀ ń dá omele lóhùn. Wọ́n yí i sí amapiano, èmi ò tilẹ̀ mí! Adájọ́ kan dìde dúró. Bí mo ṣe wọ àṣekágbá nìyẹn, tí àwọn ọmọ náà ń pè mí ní Màmá Bàtá, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ ti búra ní kóòtù kí wọ́n tó pè yín. Ẹ fi orin yín sínú flash, ẹ tún fi sórí fóònù. Ẹ̀rọ wọn kọ̀ láti ka flash ẹni tó ṣáájú mi, ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Kẹ́ ẹ sì ti bá ẹbí sọ̀rọ̀ lórí ìbò, torí wọ́n ń ka ìbò àwọn òǹwòran mọ́ máàkì adájọ́ ní àṣekágbá, owó fóònù ni wọ́n sì fi ń dì í. Ipò kẹta ni mo ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi tó náwó fún mi níbi ìgbéyàwó bí ẹni pé kò sí ọ̀la, ìbò ẹyọ kan kò ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá.