Ibi Tí Ọkàn Alárùn Ọkàn Máa Ń Lọ: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Ilé

Dókítà sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin fún ẹni tó ní àrùn ọkàn: oògùn yín ń ṣiṣẹ́, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín ti wálẹ̀, ẹsẹ̀ yín kò wú mọ́, ṣùgbọ́n a máa tún ọkàn yín yẹ̀ wò lóṣù tó ń bọ̀. Kí aláìsàn tó dé ẹnu ọ̀nà, mẹ́ta àkọ́kọ́ ti fò lọ lórí rẹ̀. Ìkẹrin nìkan ló gbé délé, òun náà ló sì gbé sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní aláìmoore. Ìwà kálukú wà lára ohun tó ń yan ọ̀rọ̀ tí ọkàn rẹ̀ máa dì mú.

Láti nǹkan bí ọdún 1959 ni dókítà ọkàn méjì ní San Francisco, Meyer Friedman àti Ray Rosenman, ti ń kọ̀wé nípa oníkánjú tí inú ń tètè bí. Type A ni wọ́n pè é. Nígbà tó yá, Johan Denollet, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ní Belgium, tọ́ka sí irú ènìyàn mìíràn, ó sì pè é ní Type D. Ohun méjì ló pàdé lára ẹni yìí: àníyàn àti ìbànújẹ́ kì í jìnnà sí i, kì í sì í sọ ọ́ jáde, nítorí ó ń bẹ̀rù pé àwọn èèyàn lè má gba tòun. Ìbéèrè 14 ni Denollet fi ń wò ó, méje fún ìkọ̀ọ̀kan. Ìwádìí àkọ́kọ́ sọ pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ń tètè kú. Àwọn ìwádìí kan lẹ́yìn náà kò rí i bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ìwà rẹ̀ ka ọjọ́ ikú fún un.

Báwo la ṣe ń mọ ibi tí ọkàn ènìyàn ń lọ? Àwọn olùṣèwádìí á fi àwòrán ojú méjì hàn án lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan fajú ro, èkejì kò fajú ro, kò sì rẹ́rìn-ín. Kí ó tó ṣẹ́jú, méjèèjì ti pòórá, àmì kékeré kan á wá yọ níbi tí ọ̀kan nínú wọn wà. Kí ó sáà tẹ bọ́tìnì ni. Bí ó bá ń yára tẹ̀ ẹ́ nígbà tí àmì bá yọ níbi ojú tó fajú ro, ojú rẹ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń rí fún àwọn tí àníyàn ń bá jà. Kò sẹ́ni tó rán ojú lọ síbẹ̀.

Lóru, àyà aláìsàn fúnra rẹ̀ ló máa dà bí ojú tó fajú ro yẹn. Á fi ìka lé ọrùn ọwọ́, á máa ka bí ó ṣe ń lù. Ẹ̀rù á bà á, ara á tú adrenaline, èròjà tó ń mú kí ọkàn sáré, jáde, àyà á túbọ̀ máa lù kìkì, ẹ̀rù á tún pọ̀ sí i. Ilẹ̀ á mọ́, kò ní sọ fún ẹnì kan. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, pàápàá lọ́wọ́ dókítà.

Nítorí náà, ẹ má bi í pé “Ṣé ara le?” “A dúpẹ́” ni yóò dáhùn, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ bi í pé: “Ìrọ̀rí mélòó lẹ fi sùn lánàá?” Ẹni tó ń fi ọ̀kan sùn tẹ́lẹ̀, tó wá di mẹ́ta, ti sọ fún yín pé mímí ń ṣòro bí òun bá dùbúlẹ̀. “Ṣé bàtà yín ṣì ń wọ ẹsẹ̀ yín?” Bí kò bá wọ̀ ọ́ mọ́, ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ ti tún wú. Bí dókítà bá ti sọ pé ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, kó máa wọn ara rẹ̀ láràárọ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìwúwo rẹ̀ bá fi ohun tó ju kílò 2 lọ pọ̀ sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí dókítà gbọ́.

Ẹ tẹ̀ lé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ mẹ́rin sílẹ̀, kí ẹ sì kà á fún un bí ilẹ̀ bá ṣú. “Ẹ má ronú mọ́” kò wo ẹnikẹ́ni sàn rí.

Ẹlòmíì tún wà tí ojú tirẹ̀ ń sá fún ibi: “Kò sóhun tó ń ṣe mí.” Ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, oògùn inú ike ni kí ẹ máa kà, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń lò ó.

Àmọ́ bí nǹkan bá ń tẹ̀ ẹ́ láyà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, tàbí tí ìrora lọ sí apá, ẹ̀yìn tàbí àgbọ̀n, tàbí tí òógùn tútù bò ó, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀! Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ó ti máa ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀.

Bí ìrẹ̀wẹ̀sì bá sì wọ ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sọ fún dókítà. Ìwé kan tí American Heart Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àrùn ọkàn ní Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 2014 dámọ̀ràn pé kí a ka ìrẹ̀wẹ̀sì mọ́ ohun tó ń ṣe ìpalára fún ẹni tí àrùn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lù. Ìrẹ̀wẹ̀sì ní ìtọ́jú. Bí aláìsàn bá ń sọ pé ayé ti sú òun, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí ẹ sì wá dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.