Bí a ṣe ń béèrè owó gbà-má-bínú tí dókítà kò bá tètè rí i pé ọrùn-ọwọ́ ti kán

Ẹni tó bá ṣubú, àtẹ́lẹwọ́ ló sábà máa fi gbalẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọrùn-ọwọ́ ti ń kán. Wọ́n ya X-ray, dókítà ní ọwọ́ kàn rọ́ ni, ó fún yín ní oògùn ìrora, ó ní kí ẹ máa lọ sílé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọwọ́ kò tíì ṣeé ṣí ilẹ̀kùn. X-ray kejì wá fi hàn pé egungun ti kán látọjọ́ àkọ́kọ́.

Ṣé ẹjọ́ wà níbẹ̀? Ó lè wà, ó sì lè má sí. Egungun kékeré kan wà nídìí àtàǹpàkò tí wọ́n ń pè ní scaphoid. Tó bá kán, X-ray àkọ́kọ́ lè má gbé e jáde rárá. Dókítà tó mọṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀: tó bá tẹ kòtò ìdí àtàǹpàkò tí ẹ sì ké, á dì í bí ẹni pé ó ti kán, á ní kí ẹ padà wá ya òmíràn lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14, tàbí kí ẹ lọ ya MRI, àwòrán inú ara tó lè fi ohun tí X-ray kò gbé jáde hàn. Dókítà tó ṣe èyí ṣòro dá lẹ́bi. Èyí tí kò fọwọ́ kan ibi tó ń dùn yín, tàbí tí kò rí ojú kíkán tó hàn kedere, ni ẹjọ́ ń bá.

Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ọwọ́ náà lọ́dọ̀ dókítà eegun. Tẹ́ ẹ bá jókòó tì í nítorí ẹjọ́, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó tó fò yín lórí: ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣubú, ibi tẹ́ ẹ sọ pé ó ń dùn yín, ohun tí wọ́n fi dá yín lóhùn. Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn, kí ẹ béèrè fáìlì yín. Àwòrán X-ray gan-an ni kí ẹ gbà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìwé àbájáde nìkan lé yín lọ.

Ẹ wá lọ́yà tó máa ń ṣe ẹjọ́ ìṣègùn, ẹ má sì pẹ́: àkókò ẹjọ́ máa ń tán. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 3 ni, wọ́n sì lè kà á láti ọjọ́ tẹ́ ẹ mọ̀ pé àṣìṣe ló fà á.

Lọ́yà á gbé fáìlì fún dókítà eegun mìíràn tí kò bá ẹnikẹ́ni tan. Ìbéèrè méjì ló máa dáhùn: ṣé ó yẹ kí wọ́n rí i, kí sì ni ìdádúró yẹn ṣe fún ọwọ́? Ìbéèrè kejì ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń kú. Ẹ̀jẹ̀ kì í pọ̀ dé apá kan scaphoid, nítorí náà tí wọn kò bá dì í, apá yẹn lè kú, kí oríkèé ríro sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni ì bá já sí bí wọ́n tilẹ̀ rí i lọ́jọ́ kìíní, owó ìrora oṣù mẹ́ta yẹn nìkan lẹ lè rí gbà.

Ẹ kó rìsíìtì jọ: owó iṣẹ́ tó bọ́, owó ọkọ̀, owó oògùn, títí kan ẹni tó ń bá yín de bọ́tìnì.

Lọ́yà á wá kọ̀wé sí ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ báyìí ló ń parí kó tó dé kóòtù. Tí wọ́n bá tètè na owó sí yín, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan títí dókítà yóò fi sọ ibi tí ọwọ́ náà máa parí sí. Ẹni tó bá ti gbowó kì í sábà láǹfààní láti padà wá béèrè sí i.