Bí a ṣe ń yan táyà àti rímù jíípù l'Ékìtì, láì gbé táyà yìnyín wálé

Olùkọ́ kan ní àdúgbò wa l'Adó ra táyà tòkunbọ̀ mẹ́rin fún jíípù rẹ̀ ní oṣù kẹta. Táyà náà dúdú bí kóró iṣin, ojú rẹ̀ jìn, ó sì rọ̀ lọ́wọ́. Ó pè mí pé kí n wá bá òun yọ̀. Kí ọdún tó yí po, ojú táyà ti jẹ lọ, ọkọ̀ sì ti yọ̀ wọ gọ́tà lẹ́ẹ̀kan ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, lọ́jọ́ tí òjò kò tilẹ̀ le. Gbogbo ayé ní bíréèkì ni. Èmi wo ẹ̀gbẹ́ táyà, mo rí àmì táyà yìnyín, táyà tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ olótùútù, tó yẹ kí n ti wò lọ́jọ́ tó ní kí n wá bá òun yọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ nọ́ńbà táyà yín. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo òpó tí ilẹ̀kùn ń tì mọ́. Ìwé pélébé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà táyà àti ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí. Òun ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kì í ṣe ti táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, torí ẹni tó ti lò ó kí ó tó dé ọwọ́ yín lè ti pààrọ̀ rẹ̀. Ká mú Lexus RX350 ti 2010 sí 2015. Ẹ ó rí 235/60R18 tàbí 235/55R19. 235 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 60 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn. 18 ni rímù, ní íǹṣì.

Láàárín 18 àti 19, èwo ni ká mú? 18 ni tèmi, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ táyà rímù 18 yẹn ga ní mìlímítà 141, ti 19 jẹ́ 129. Rọ́bà mìlímítà 12 tó fi lé yẹn ni yóò bá yín gba kòtò kí rímù tó gbà á. Tí ẹ bá sì gbé méjèèjì nàró, gíga wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nǹkan bíi mìlímítà 740, nítorí náà míítà tó ń ka eré ọkọ̀ kò ní máa purọ́ fún yín. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ki rímù 22 bọ abẹ́ jíípù a máa rí bí olówó títí di ọjọ́ tí wọ́n bá kan kòtò tí omi bò mọ́lẹ̀. Ọjọ́ náà ni ẹ ó gbọ́ hámà fọkanáísà.

Rímù kékeré náà ní tirẹ̀ o. Ó gbọ́dọ̀ gba bíréèkì yín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n dè é mọ́ ọkọ̀, kí ẹ fọwọ́ yí i. Tó bá ń ha nǹkan kan, ẹ dá a padà. Ihò nọ́ọ̀tì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wọlé wẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ní òun á fi lílù mú un wọlé, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹni tó bá ti ra jíípù oníná, èyí tí kì í mu epo, ọ̀rọ̀ yìí kàn án jù wá lọ. Hyundai Ioniq 5 ní ti rímù 19, ó ní ti 20. Èyí tó wọ 19 ló ń rìn jìnnà jù lórí iná kan náà. Bátìrì rẹ̀ sì wúwo gan-an. Epo a máa tán nínú táńkì kí ọkọ̀ fúyẹ́, bátìrì kì í fúyẹ́. Nítorí náà ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé ìwọ̀n táyà. 103 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé kìlógíráàmù 875, 107 lè gbé 975. Ẹ má rà á kí ó kéré sí ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀, bó ti wù kó dín owó yín kù tó. Bí wọ́n bá kọ XL, ìyẹn táyà tó lè gbé ẹrù ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, sí ẹ̀gbẹ́ táyà tí ọkọ̀ bá wá, XL náà ni kí ẹ rà.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop náà sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró n'Íkẹjà ní 2008. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé táyà wá fún wa. Kọ́sítọ́ọ̀mù ka táyà àlòkù irú tiwa mọ́ ohun tí kò gbọdọ̀ wọlé, síbẹ̀ ó kún ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ló ń bọ́ táyà tí ojú rẹ̀ ṣì jìn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? Púpọ̀ nínú wọn, àwọn tó ń gbé nínú yìnyín ni. Ní Quebec ní Kánádà, òfin ni kí ọkọ̀ wọ táyà yìnyín láti December 1 títí di March 15. Ní Jámánì náà, bí yìnyín bá ti bo títì, dandan ni. Tó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á jù ú nù, ẹnìkan á sì kó o wá fún wa.

Wọ́n po rọ́bà rẹ̀ kí ó má baà gan nígbà tí òtútù bá lọ sílẹ̀ ju 7°C lọ. Ìgbà wo la rí 7 l'Ékìtì? Ọyẹ́ gan-an kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Tí oòrùn ọ̀sán bá pa á lórí ọ̀dà, ṣe ló máa rọ̀ bí ẹ̀bà tí omi pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ tẹ bíréèkì, ojú táyà á máa wọ́, ọkọ̀ á ṣì máa lọ. Ẹ rọra wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wa, a kò ṣèèṣì pe ara wa ní ará òkè.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n rèé. Ẹ wá àwòrán òkè olórí mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ táyà, tí wọ́n ya ègé yìnyín bí ìràwọ̀ sí inú rẹ̀. Lẹ́tà M+S (ẹrẹ̀ àti yìnyín) nìkan kì í ṣe ẹ̀sùn, torí ọ̀pọ̀ táyà jíípù Amẹ́ríkà tó wúlò fún ìgbà gbogbo ló ní in. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ojú táyà. Ti yìnyín kún fún ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni pé olóògùn fi abẹ sín gbẹ́rẹ́ sí i látòkè délẹ̀. Àwòrán òkè yẹn pẹ̀lú gbẹ́rẹ́ rẹpẹtẹ, ẹ gbé e sílẹ̀. Èmi a tún fi èékánná àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ nínú oòrùn. Tó bá wọlé bí ìgbà tí a tẹ ọṣẹ, mo ti ń lọ nìyẹn.

Ọlọ́jà á ní, "Dádì, Jámánì ni o, ẹ wo ojú ẹ̀!" Ẹ ní kí ó yí i sódì. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà ní ìparí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wà, ẹ̀gbẹ́ náà sì ni wọ́n fi ń dojú kọ ògiri. Tọ́ọ̀ṣì fóònù tó fún un. Ọdún mẹ́rin ni àwọn Road Safety fún táyà, èmi kì í sì í ra èyí tó ti lé ní méjì, ìbáà jẹ́ tuntun nínú ọ̀rá. Mo ti rí "tuntun" tó ti tó ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ ki ìka bọ inú ilà rẹ̀ náà: tó bá rí págunpàgun, ọ̀bẹ gbígbóná ni wọ́n fi tún un gbẹ́. Ilé iṣẹ́ fi rọ́bà kéékèèké sínú ilà tó ga ní mìlímítà 1.6 láti fi mọ̀ pé ó ti jẹ tán. Èmi kì í dúró dè é. Mo máa ń sàmì sí ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan ní mìlímítà 3, mo fi ń wọ̀n ọ́n.

Dídè kò le. Ẹ mú ègé túùbù àtijọ́ dání kí fọkanáísà fi sábẹ́ irin rẹ̀, kí rímù má baà ha. Ẹ sọ fún un tí sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ bá wà nídìí fáàfù. Ẹ ní kí ó pààrọ̀ fáàfù, kí ẹ sì ṣe balancing. Tó bá jẹ́ méjì péré lẹ rà, ẹ̀yìn ni kí ó wà. Mo mọ̀ pé iwájú ni wọ́n máa fẹ́ dè é sí. Ẹ má gbà. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá yọ̀ nínú òjò, ẹ ó fẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ọkọ̀ á gbọ́ràn. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, òun ló ń wa ara rẹ̀.

Ẹ fi géèjì tiyín wọn afẹ́fẹ́ láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ sí Àkúrẹ́ tí ẹ padà, ẹ tún àwọn nọ́ọ̀tì dè. Kí ẹ sì yọ sípíà táyà tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ síta, kí ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tirẹ̀ náà. Ti olùkọ́ yẹn jẹ́ 4809.