Ẹ má gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀

Alurinmọ́rin ni mí. Obìnrin tó kọ́kọ́ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, èmi fúnra mi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, mo sì rò pé àánú ni mò ń ṣe. Tí mo bá ti rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, màá ní, "Mú un wá, jẹ́ n bá ẹ parí ẹ̀." Nígbà tó fi pé oṣù mẹ́fà, àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti ń jó irin tó wà lókè orí. Òun ṣì ń ha ìdàrọ́, èèpo líle tó máa ń bo ojú irin tí a bá jó pọ̀, kúrò lára iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ ká ọwọ́ yín kò. Tí ojú ìjó obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, ìyẹn ibi tó ti jó irin pọ̀, bá wọ́, ẹ jẹ́ kó rí i, kó lọ̀ ọ́ kúrò, kó tún un jó. Ẹnu ni kí ẹ fi ràn án lọ́wọ́: "Ọ̀pá ẹ jìnnà sí irin, sún un mọ́ ọn." Irin tó bá wúwo, ẹ jọ gbé e, bí ẹ ṣe máa bá ọkùnrin gbé e. Ẹ̀yìn ọkùnrin náà kì í ṣe irin.

Oníbàárà á dé, á rí obìnrin nídìí iṣẹ́, á fò ó dá, á wá bi yín ní ìbéèrè. Ẹ má dáhùn, bí ẹ tilẹ̀ mọ ìdáhùn. Ẹ ní, "Òun ló wọn ọ́n, òun ló ń ṣe é, ẹ bi í." Kí ẹ sì kúrò níbẹ̀, torí tí ẹ bá dúró, ojú yín ni wọn á ṣì máa wò.

Ẹ wọn ọwọ́ rẹ̀ kí ẹ tó ra ìbọ̀wọ́. Èyí tó bá tóbi jù kì í jẹ́ kí ọwọ́ mú ọ̀pá dáadáa, irin gbígbóná tó ń ta á sì gba ẹnu ẹ̀ wọlé. Ẹ wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ ìsọkúsọ ńkọ́? Ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, pàápàá nígbà tí obìnrin náà kò sí níbẹ̀. Àdéhùn 190 tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe lọ́dún 2019 lórí ìwà ipá àti ìfòòró lẹ́nu iṣẹ́ ka ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ àwọn tó yẹ ká dáàbò bò. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá kàn án gan-an, ẹ bi í kí ẹ tó gbé e lọ síwájú: "Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" Nígbà mìíràn, ẹlẹ́rìí nìkan ló ń wá.

Ní tèmi, mo dá irinṣẹ́ padà fún un. Ìjó òkè orí àkọ́kọ́ tó ṣe wọ́, èkejì náà wọ́, mo sì fi ọwọ́ mi sẹ́yìn. Nígbà tó ṣe ìkẹrin, ó fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀kan, ìdàrọ́ sì ṣí kúrò lódindi, bó ṣe máa ń rí tí ìjó bá dára.